Orúkọ Òkú Nínú Ìwé Àwọn Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni, mo sì ń gbé ní Festac. Àwa àgbà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń jà pé kí ìpínlẹ̀ wa fi òfin dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa mú kí iṣẹ́ ìjọba já gaara, tí yóò sì fòpin sí ìnákúnàá. Àwọn aṣòfin ní kí á mú ẹ̀rí wá.

Èmi àti Ìyá Kẹ́hìndé bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Amúwò, lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, Délé, ọ̀rẹ́ mi, ti ṣiṣẹ́ kó tó kú. A ti sin ín lọ́dún méjì ṣáájú.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Iná ń tàn, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n eruku bo gbogbo àga. Obìnrin kan ṣoṣo ló jókòó ti ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń buwọ́ lù láràárọ̀. Ṣadé lorúkọ rẹ̀.

"Àǹtí, àwọn tó kù dà?"

"Gbogbo wọn ló wá lónìí, sà." Kò gbójú sókè.

Mo ṣí ìwé náà, orí mi wú. Délé ti buwọ́ lù ú lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó sì fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ìyá Kẹ́hìndé fi ìka kàn án. Íńkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Ọwọ́ ọkọ mi nìyí. Ta ló kọ ọ́?"

"Mà, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń bá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí."

Mo fi fóònù ya ojú ìwé náà.

Nígbà tí àwọn aṣòfin pe aráàlú sí gbọ̀ngàn wọn kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn, ọ̀kan nínú wọn fi fọ́tò ìwé náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Kẹ́hìndé dìde.

"Ọlọ́lá, ọkọ mi ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ bá mi sọ fún un kó máa bọ̀ nílé."

Aṣòfin náà dojú fọ́tò náà délẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ sí òfin náà, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ìdùnnú ṣubú layọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aṣojú ìgbìmọ̀ dé Amúwò, ilé náà ti ṣófo: kò sí àga, kò sí ìwé, fáànù nìkan ló ń yí. Ẹnìkan ṣoṣo ni ìgbìmọ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́, Àǹtí Ṣadé. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Mo wá a lọ sílé rẹ̀ ní Satellite Town. Ó fún mi ní àga, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbálẹ̀. Èmi ni wọ́n gbá sóde."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a jèrè òfin, kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí obìnrin yẹn, wọn kò dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹ wá bá mi lọ.