Òróró Tó Bá Ara Mi Mu

Òórùn àdín kì í gbọ́ràn sí ọṣẹ lẹ́nu. Fọ aṣọ tí ó bá ta sí, fi ọṣẹ dúdú gbo ó títí ọwọ́ rẹ yóò fi bó, kí o wá sá a. Ìgbà tí oòrùn bá mú un dáadáa ni òórùn náà yóò tó jí, tí yóò máa kí gbogbo aládùúgbò lójúlé-lójúlé. Ojú mi ló ṣe, ọ̀rẹ́ mi, ní agboolé àwọn ọkọ mi ní Ìkẹ́rẹ́, nídìí àpáta, láàárín àwọn ọdún tí kòkó ń sọ tálákà di olówó. Ọyẹ́ mú lọ́dún náà kọjá sísọ. Ètè gbogbo wa là, ẹsẹ̀ wa funfun, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ni yóò tọ́ lá.

O ṣáà mọ bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà yẹn. Obìnrin tó bá ń fún ọmọ lọ́mú kì í sún mọ́ ọkọ. Yàrá ìyá ọkọ mi, tó kọjú sí tiwa ní òdìkejì àgbàlá, lèmi àti ọmọkùnrin mi ń sùn, títí ọmọ fi ń sáré kiri tó sì ti ń bú àgbà. Ọjọ́ tí mo já a lẹ́nu ọmú, ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gún iyán, ó fi ẹran ìgbẹ́ se ọbẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ fún ọkọ mi, kí n má sì padà wá sùn lọ́dọ̀ òun mọ́, kí n fi ọmọ sílẹ̀ fún òun. Hà, inú mi dùn! Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, n kò ní purọ́. Tíṣà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń súfèé bó bá ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé, mo sì máa ń gbọ́ ọ láti òdìkejì àgbàlá, ara mi á máa ṣe bí ara ọmọge. Mo wẹ̀, mo para, mo ró aṣọ tí n kò tíì ró rí, mo gbé iyán lọ.

Àfi bí ara ṣe kọ̀. Ọkàn mi fẹ́, orí mi fẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó rọ̀ gbẹ táútáú, ó sì ń ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi yanrìn họ ojú egbò. Mo gé ètè mi jẹ, mo fara dà á. Nígbà kejì, mo ní orí ń fọ́ mi. Nígbà tó yá, kó tó wọlé ni mo ti ń kọjú sí ògiri, tí mò ń mí bí ẹni tó ti sùn. N kò sọ ohun tó ń ṣe mí. Báwo ni obìnrin ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn ìyá wa kọ́ wa ní oúnjẹ sísè, wọ́n kọ́ wa ní ìkúnlẹ̀, wọn ò kọ́ wa ní èyí. Ọkọ mi kò súfèé mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tó ń jẹun, ó ní láìwò mí pé wọ́n fẹ́ kí òun wá máa kọ́ni ní Òde-Èkìtì, àti pé kí sáà tó parí lòun yóò fún wọn lésì.

Mo ní, "Èmi àti ọmọ ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ jókòó ti Ìyá. Èmi nìkan náà tó."

Ta ni kò mọ bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń dá gbé nílùú mìíràn ṣe ń parí? Kó tó di àjọ̀dún kejì, obìnrin kan á ti máa bá a dáná. Kì í sì í ṣe orogún gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkùnrin tí mo fẹ́ràn ń kó ẹrù rẹ̀ lọ nítorí ohun tí kì í ṣe òótọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, aránṣọ bíi tèmi, ìṣọ̀ kan náà la jọ ń lò. Ó rí i pé mo rán apá búláòsì kan mọ́ ọrùn, ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n sọ ohun tó ń ṣe mí. Mo dojú bolẹ̀, mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ṣé ìyẹn náà ni? Kí o wá ohun tó ń yọ̀ fi pa á ni. Àdín ńkọ́? Ọmọ tuntun pàápàá ń fi para." Kí n tó délé, mo ti ra àdín sínú ìgò kékeré. N ó sọ òtítọ́ fún ọ: ó dín ìrora náà kù. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀! Àdín dúdú tí wọ́n yan títí tó fi fẹ́ẹ̀ jóná ni wọ́n tà fún mi. Ọkọ mi sín, ó tún sín, ó ní kí ló ń rùn bí ilé ọlọ́mọ tuntun yìí. Mo ní nítorí ọyẹ́ ni mo ṣe pa á. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sùn.

Ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo fọ aṣọ ìbora àti ìró mi, mo sá wọn sí àgbàlá. Oòrùn mú wọn. Ìyá ọkọ mi ń ti oko igi bọ̀, ìdì igi lórí. Kò tíì wọ àgbàlá tán tí mo fi gbọ́ gbì! Ó ti ju igi sílẹ̀.

"Yéè! Gìrì ti wọ ulé mi o! Ọmọ mi dà?"

Ìwọ náà mọ̀ pé bí àdín bá ń rùn ní agboolé lójijì, nǹkan kan ṣoṣo ló ń wá sọ́kàn àgbà: gìrì ti mú ọmọ. Ọmọ tí à ń wí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ àkàrà. Ìyá gbá a mú, ó já àkàrà gbà, ó ń fi ìdí ṣíbí onígi ya eyín rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé tú jáde. Ọ̀kan mú àlùbọ́sà wá, ọ̀kan gbé àgbo dé, ẹ̀kẹta ti ń fẹ́ná láti fi ẹsẹ̀ ọmọ yáná. Ni ọmọkùnrin mi bá bu ìyá ọkọ mi jẹ níka, ó gba àkàrà rẹ̀ padà. Ẹni tó ń fẹ́ná dáwọ́ dúró. Ọmọ tí gìrì mú kì í jà fún àkàrà.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fín òórùn kiri. Ó fín ọmọ, ó fín ẹnu ọ̀nà, imú rẹ̀ mú un dé ìdí okùn aṣọ. Ó wo ìró mi, ó wo aṣọ ìbora, ó wò mí. Ọkọ mi tó sáré jáde sí ariwo náà wo aṣọ, ó wo èmi, ó sì padà wọlé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ìyá ní, "Ẹ kú aájò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí gìrì. Ẹ máa lọ." Ó wá sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀: "Ìyàwó mi, wá bá mi nínú ulé."

Mo kúnlẹ̀. Mo rò pé ayé mi ti bàjẹ́ ni. Gbólóhùn kan péré ló jáde lẹ́nu mi: "Ìyá, ó ń dùn mí." Ìyá ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí aṣọ nu ojú. Inú kọ́kọ́ bí mi, kó tó di pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lẹ́yìn tí mo já bàbá ọmọ rẹ lẹ́nu ọmú, odidi ìgbà ìkórè kòkó kan lorí fi ń fọ́ mi. Orí wo ló ń fọ́ mi?" Ó wá jókòó bí olùkọ́. Ó ní kí n má fi ohun tó ń ta sánsán síbẹ̀ láé, kí n má fi ìpara ẹ̀fọ́rí tó ń tutù síbẹ̀, iná ni yóò dá. Ó ní ohunkóhun tí mo bá yàn, kí n kọ́kọ́ fi pa abẹ́ apá di ọjọ́ kejì. Bó bá yún mi, kí n jù ú nù. Ó bu òrí fún mi sínú igbá. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ọkọ mi wí sí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní n kò tíì sọ fún un.

"O sọ fún èmi, o ò sọ fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀?" Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó pe ọkọ mi wọlé, ó sì bá tirẹ̀ jáde.

Mo sọ ọ́. N kò fi nǹkan kan pamọ́. Ọkọ mi jókòó sórí ẹní ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Mo rò pé mo ti sú ọ ni." Mo ní kò sú mi, kò sú mi rí. Ó ní kí ló dé tí n kò sọ? Mo ní kí ló dé tí ẹ̀yin náà ò béèrè? Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ gìrì, ẹ̀rín gbé àwa méjèèjì ṣubú lórí ẹní.

Òrí dára, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti sọ ọ́ di òkúta. Kó tó yọ́ lọ́wọ́ ẹni, ilẹ̀ á fẹ́ẹ̀ mọ́, bó bá sì yọ́ tán, á máa lẹ̀ mọ́ra. Ọkọ mi ló rò ó pé bóyá àgbọn ni. Ó rà á lọ́jà, mo rin ín, ó fún omi rẹ̀, àwọn ará ilé rò pé ìrẹsì alágbọn la fẹ́ sè, wọ́n sì ń béèrè ìgbà tó máa jiná. A jẹ́ kí omi náà sùn, mo ré ojú rẹ̀, mo gbé e ka iná wẹ́rẹ́ títí òróró fi dá yanjú, mo sẹ́ ẹ. Mo fi pa abẹ́ apá mi, òun náà ní kí n fi pa tòun, nítorí ara àwa méjèèjì ni. Kò yún wa. Bó tilẹ̀ dì nínú ìgò láàárọ̀, ọwọ́ kan báyìí, ó ti yọ́. Kò ta, kò lẹ̀, kò sì ròyìn wa fún aládùúgbò. A tún kọ́ láti má kánjú, èyí tí kò sí nínú ìgò kankan. Ọjọ́ wo ni mo tún ní orí ń fọ́ mi? Ọkọ mi gba iṣẹ́ Òde-Èkìtì náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì jọ wọ ọkọ̀ lọ.

Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà. Ìrora tí obìnrin bá dákẹ́ sí, orúkọ mìíràn ni yóò máa jẹ́ létí ọkọ rẹ̀. Ìkórìíra ni ọkọ mi ń pè é. Nígbà tí mo dàgbà tí nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró, ara mi tún gbẹ, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. N kò kọjú sí ògiri. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo sọ fún un. Baba arúgbó náà dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀, ó ní ṣé àwọn alágbọn á ṣì wà lọ́jà báyìí.