Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Olè Ojú Òkun Dọ̀bálẹ̀ ní Irving

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bàtà Kápútẹ́nì, ó fún mi lẹ́sẹ̀ débi pé ẹkún ń gbọ̀n mí. Ilé eré kan ní Irving, nílùú òyìnbó, ló gbà mí láti máa ṣe Kápútẹ́nì, ọ̀gá àwọn olè ojú òkun, bí wọ́n ṣe wà láyé ọkọ̀ onígbòkun. Àwọn èrò á máa jẹun, wọ́n á máa wò wá. Ọkọ̀ wa ní àgbá ogun, àmọ́ omi abẹ́ rẹ̀ kò mu èèyàn dé orúnkún, ariwo bàálù kì í sì í kúrò lórí òrùlé wa. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o! Ọba ni mí nínú ọkọ̀ yẹn.

Walt, bàbá òyìnbó tó ṣe Kápútẹ́nì ṣáájú mi, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa idà yọ, àti bí wọ́n ṣe ń fi ikùn rẹ́rìn-ín. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn atukọ̀ ló ń dìbò yan ọ̀gá wọn, àwọn náà ló sì ń yọ ọ́.

“Kápútẹ́nì kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni,” ó ní. “Bí o bá tẹrí ba lójú èrò, ẹni tó ni ilé eré á lé ọ dànù.”

Ọ̀sán Sátidé kan, mo ń fi idà halẹ̀ mọ́ àwọn èrò, ni mo bá rí màmá kan tó wé gèlè. Yéè! Màmá Fúnkẹ́! Fúnkẹ́, nọ́ọ̀sì kan ní ìlú Plano tó wà nítòsí, ni mo fẹ́ fẹ́. Màmá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni, orí fóònù nìkan la ti ń ríra. Ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ lọ tọrọ ọmọ wọn.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Fìlà mi yí sínú omi.

“Ẹ káàsán, mà.”

“Dìde, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Aṣọ rẹ á dọ̀tí.”

Bí eré ṣe parí, ẹni tó ni ilé eré ní kí n bọ́ bàtà sílẹ̀, kí n máa lọ. Ta ló fẹ́ fún aláìníṣẹ́ lọ́mọ?

Walt, tó ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ mi, bá dìde. “Àwọn atukọ̀ ló ń yọ Kápútẹ́nì. Ẹ jẹ́ ká dìbò!”

Gbogbo àwọn òṣèré ẹlẹgbẹ́ wa nawọ́ sókè pé kí n dúró. Ẹni tó ni ilé eré pòṣé, ó fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí mo ṣe rí Fúnkẹ́ fẹ́ nìyẹn.

Àwọn ọmọ wa ti dàgbà báyìí, ilé eré náà sì ti kógbá sílé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, kódà òórùn èéfín àgbá yẹn. Lọ́jọ́ tí a ṣe àṣekẹ́yìn, mo bọ́ bàtà tí kò fún mi mọ́, mo yíjú padà. Àwọn atukọ̀ mi ti dọ̀bálẹ̀ sórí pákó, òyìnbó àti ará Mẹ́síkò, ìdí àwọn mìíràn ga ju orí wọn lọ. Walt, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, kò lè wólẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó sì tẹrí ba.

Omijé bọ́ lójú mi.

“Ẹ dìde, ẹ̀yin èèyàn mi,” mo ní. “Aṣọ yín á dọ̀tí.”