Ìlara Phelim Garvan

Ọjọ́ tí Phelim Garvan gbé agogo tuntun kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ ni gbogbo etídò Filadẹ́lífíà rò pé iná ń jó. Barnaby Tolan, tó ń ta aṣọ ọ̀gbọ̀ ní òdìkejì títì, ló kọ́kọ́ ra agogo kékeré kan tó ń dún bí oníbàárà bá wọlé. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni Phelim náà ń tà. Látìgbà tó ti gbọ́ agogo yẹn, oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ló bá lọ ra agogo ọkọ̀ ojú omi kan tó ti fọ́. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan péré, kíá làwọn èèyàn gbé garawa omi dé láti paná, wọ́n sì da omi náà lé gbogbo ọjà rẹ̀ lórí. Nínú ìwé tó máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí, ohun tó kọ ni pé: "Èèyàn méjìlélógójì ló wọ ìsọ̀ mi lónìí. Ẹnì kan ò yà sọ́dọ̀ Tolan."

Àwa tá a jọ ti Áílándì kọjá òkun wá mọ̀ pé ìwé yẹn kì í kúrò lábíyá rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àfìgbà tí Honora ìyàwó rẹ̀ ṣí i kà. Ọdún mẹ́fà lọkọ rẹ̀ ti ń kọ ọ́. Fìlà Tolan wà níbẹ̀, bàtà Tolan wà níbẹ̀, àní kábéèjì ẹ̀yìnkùlé Tolan wà níbẹ̀. Honora wá orúkọ tirẹ̀ títí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rí i.

"Phelim, èmi lo fẹ́ ni, àbí Tolan?"

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé òun á tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì ó kọ ọ́ pé: "Honora bínú lánàá. Ìyàwó Tolan kì í bínú."

Nígbà tí ibà pọ́njú wọ ìlú, ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ sá. Phelim ti di ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, Honora ti jókòó, kó tó rí i pé oòrùn ti kàn àtàrí, ìsọ̀ Tolan ò sì tíì ṣí. Ìyàwó Tolan ti kó àwọn ọmọ lọ sábúlé. Tolan nìkan ló kù nílé, ibà ti dá a dúbúlẹ̀. Phelim ní kí Honora máa lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń fún ọkùnrin yẹn lómi ẹran mu, tó ń nu ara rẹ̀. Nígbà tí Tolan lajú, ó bi í pé kí ló dé tí kò sá.

"Bí o bá kú, ta ni kí n máa wò?"

Ohun tó kọ lọ́jọ́ náà ni pé: "Ara Tolan ti ń yá. Gbogbo àdúgbò ló ń lọ kí i. Ẹnì kan ò kí mi."

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, òtútù àyà mú Phelim lọ. Èrò tó wá sin ín kún láti ilé ìjọsìn dé etí omi. Tolan tó ti ń fi ọ̀pá rìn dúró létí sàréè, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wá sún mọ́ Honora.

"Ìyá, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ń wo èrò yìí, inú sì ń bí mi. Tèmi ò lè tó báyìí láé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Honora rẹ́rìn-ín látọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nígbà tó délé, ó mú ìwé náà, ó wá ibi tí ọwọ́ Phelim dúró sí, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Tolan jowú rẹ lónìí, olólùfẹ́ mi."