Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ fún Sùmáyà

"Abla, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo lè wọlé?"

Ìbéèrè tí Sùmáyà gbé wọ ọ́fíìsì mi nìyẹn, lọ́jọ́ tí èmi àti ẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Abla ni àwọn ọmọ Jẹ́dà ń pe olùkọ́ tó bá jẹ́ obìnrin. Sùmáyà kì í ṣe orúkọ ọmọ náà gan-an. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Gẹ̀ẹ́sì tó lọ́ mọ́ Lárúbáwá ló fi bá mi sọ̀rọ̀, torí náà mo gbà pé kò gbọ́ Yorùbá.

Iṣẹ́ mi ni láti máa gba àwọn ọmọ tó fẹ́ parí ilé ìwé girama nímọ̀ràn nípa yunifásítì tí wọ́n ń wá. Ìbàdàn ni mo ti bá ọkọ mi tó jẹ́ dókítà wá sí Jẹ́dà, mo sì ti ṣe iṣẹ́ náà títí irun mi fi ń funfun lábẹ́ ìbòrí. Mo máa ń wo máàkì ọmọ, mo máa ń wo ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ni màá sọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín àwọn yunifásítì sí. Àwọn kan wà nílẹ̀, ọmọ kàn máa bẹ̀rẹ̀ mú wọn ni. Àwọn kan wà lórí tábìlì, ọmọ á nawọ́ díẹ̀. Àwọn yòókù wà lókè àjà, àwọn tó ń fò láti mú wọn pọ̀ bí eṣú, àwọn tó ń rí wọn mú ò sì tó nǹkan.

Òkè àjà ni gbogbo òbí ń wò. Bàbá kan wà ní Obhur, àdúgbò àwọn olówó ní Jẹ́dà, ẹnjiníà ni, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, òun ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ pé tábìlì wà. Ọmọ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ aláàánú mẹ́ta sílẹ̀, òun nìkan ni alága, òun ni akọ̀wé, òun náà sì ni ọmọ ẹgbẹ́. Mo bi bàbá rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni àwọn ẹgbẹ́ yìí ti ṣàánú?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà bá wa kọ ọ́ kó dùn." Mo sì bá wọn kọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún mi láti ṣe nìyẹn, kí n bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀.

Ti Sùmáyà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Ìlọrin ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá ṣe hájì láyé àtijọ́, tí kò padà mọ́. Mẹ́kà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí òun sí, ní àdúgbò Al-Hujun, síbẹ̀ ìkámà, ìwé ìgbélùú àlejò, ni gbogbo wọn ń gbé lápò. Bàbá rẹ̀ ló ń wa ọ̀kan nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé wa, ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi ráyè kàwé lọ́dọ̀ wa. Ilé àǹtí rẹ̀ ní Jẹ́dà ló ń sùn lọ́jọ́ ilé ìwé. Ìṣirò ni orí rẹ̀ gbà, ìṣirò náà ló sì fẹ́ lọ kọ́.

Àwọn yunifásítì tó wà nílẹ̀ á gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní san kọ́bọ̀ fún un, àwọn òbí rẹ̀ ò sì lágbára rẹ̀. Àwọn tó wà lókè àjà nìkan ló ń gbé gbogbo ìnáwó ọmọ àlejò lórí. Nítorí náà, bí kò bá rí òkè àjà mú, ilé ìdáná tí ìyá rẹ̀ ti ń se oúnjẹ fún àwọn onílé hájì ló máa bá ìyá rẹ̀ lọ. Ó ti lọ béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń tẹ́ ara wọn síta kí àwọn tí wọn ò mọ̀ rí lè bá wọn díwọ̀n bóyá wọ́n á wọlé. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé rẹ̀ jẹ́ẹ́.

Mo bi í pé kí ló ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

"Kò sí nǹkan kan, abla. Mo máa ń ran màmá mi lọ́wọ́."

"Kò sí ẹgbẹ́? Kò sí ìdíje? Kò sí ohun tí o ń ṣe fún ará ìlú?"

"Kò sí."

Mo sọ òótọ́ tó béèrè fún un. Mo ní máàkì rẹ̀ lè gòkè àjà, ṣùgbọ́n àwọn tí máàkì wọn rí bẹ́ẹ̀ kún ayé, ìyókù tiẹ̀ sì ṣófo. Mo ní àǹfààní rẹ̀ kéré. Ó ní, "Tayyib, abla," ìyẹn ni pé ó dáa, ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó dùn mí wọra.

Lọ́dún yẹn ni èmi àti ọkọ mi rí ìwé àṣẹ láti ṣe hájì. Ẹni tó bá ti dé Mínà mọ̀ pé àgọ́ funfun ló wà níbẹ̀ láti ibi tí ojú mọ dé ibi tí kò mọ, kò sì sí èyí tó yàtọ̀ sí èkejì. Mo kàn lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsárì ni, mo fi fóònù àti okùn ọwọ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà àgọ́ sí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ mi, nígbà tí mo padà, mi ò mọ àgọ́ wa mọ́. Èmi tí mo ń fọ̀nà han ọmọ ọlọ́mọ, mo wá ń rìn gbéregbère láàárín àgọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ Yorùbá. Lábẹ́ ìbòji kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, àwọn arúgbó bíi mélòó kan jókòó sórí ẹní, ọmọbìnrin kan sì kúnlẹ̀ níwájú ọ̀kan nínú wọn tó ń sunkún. Káàdì iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo wò ó, mo tún un wò. Sùmáyà ni.

Àwọn tó bá sọnù ní Mínà tí okùn ọwọ́ wọn ṣì wà, ẹ̀ṣọ́ á ka nọ́ńbà ara okùn náà, á sì mú wọn dé àgọ́ wọn. Àwọn tí okùn tiwọn ti já níbi ìwẹ̀, tí wọn ò gbọ́ èdè kankan ju Yorùbá lọ, àwọn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń kó wá bá ọmọ yìí.

"Màmá, kí ni oríkì yín?"

"Àbẹ̀kẹ́."

"Àbẹ̀kẹ́, ẹ mu omi yìí ná. Kò sẹ́ni tó ń sọnù mọ́ Ọlọ́hun lọ́wọ́. Àbẹ̀kẹ́, ta ló sùn tì yín lánàá?"

"Ìyá Ìsẹ́yìn kan ni."

"Ó dáa. Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ariwo rélùwéè nínú àgọ́ yín?"

"Ó máa ń mì mí lórí ẹní."

"Nígbà tẹ́ ẹ jáde láàárọ̀, ṣé ojú ni oòrùn ti ń pa yín àbí ẹ̀yìn?"

Ìyá náà ronú. Ẹkún ti dá. "Ojú ni."

Sùmáyà di ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe máa ń dì í bí ìṣirò bá le ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà ó di ìyá náà lọ́wọ́ mú, wọ́n sì lọ. Nígbà tó padà dé, òun nìkan ni, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ẹni tó kàn. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Yorùbá tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ju tèmi lọ, Yorùbá àwọn àgbà Ìlọrin ni. Bó bá ti pe oríkì àwọn arúgbó wọ̀nyẹn, ara wọn á rọ̀, ọ̀nà á sì padà sí wọn lórí. Ẹ̀rù Ọlọ́hun bà mí, omi sì bọ́ lójú mi.

Nígbà tó yá, ó rí mi.

"Abla, ṣé ẹ̀yin náà sọnù ni?"

"Mo sọnù."

"Ẹ jókòó. Kí ni oríkì yín?"

"Àsàkẹ́," ni mo wí, mo sì jókòó láàárín àwọn arúgbó. Ìrun Mọ̀gàríbì ti ń wọlé dé kó tó kàn mí, òun náà ló sì fà mí lọ́wọ́ padà sọ́dọ̀ ọkọ mi.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, tó tó àkókò láti kọ̀wé sí àwọn yunifásítì, Sùmáyà tún fi ibi iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lófìfo. Inú bí mi.

"Mínà ńkọ́?"

"Abla, mi ò lè kọ Mínà. Ṣekárími ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe nítorí Ọlọ́hun, bí mo bá fi gba yunifásítì, mo ti gba ẹ̀san mi nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Màmá àgbà. Ibi tí mo ń jókòó sí yẹn, àwọn ló ń jókòó síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn tó kọ iṣẹ́."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a wí, ó kọ̀ jálẹ̀. Mo rántí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ọmọ Obhur, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní kí ọkọ mi wà mí lọ sí Al-Hujun. Ìyá àgbà náà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí nínú yàrá kékeré kan, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé, mo ní kó bá mi pàrọwà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ó gbọ́ mi tán. "Àlàájà, ọ̀rọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde," ló wí. "Ṣùgbọ́n ta ló rí i?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ wá sọ ọ́. Ẹni tó bá rí ni ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí jíjẹ́ kì í sì í ṣe ṣekárími. Ohun tí o fojú rí nìkan ni o, má ṣe bù kún un."

Sùmáyà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ," ló ní.

Olùdámọ̀ràn máa ń kọ ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí yunifásítì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ibì kan sì wà tí ọmọ ti máa ń fọwọ́ sí i pé òun ò ní kà á. Àwọn ọmọ yòókù máa ń kùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Sùmáyà fọwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìwé tí èmi ń kọ tẹ́lẹ̀ máa ń wú bíi búrẹ́dì tí ìwúkàrà pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí kò wú. Mo kọ pé mo sọnù, mo kọ ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́, mo sì fọwọ́ sí i. Kò tíì sí ìwé tó nira fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí, torí ọ̀rọ̀ dídùn ń wá sí mi lọ́wọ́, mo sì ń lé wọn dà nù.

Yunifásítì kan kọ̀ ọ́. Òmíràn kọ̀ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtirí bàbá rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilé ìwé ń jáde, Sùmáyà wọlé, ó gbé fóònù rẹ̀ fún mi, ó sì kọjú sí ògiri.

"Àlàájà, wọ́n ti fèsì. Ẹ bá mi kà á. Bí wọ́n bá mẹ́nu ba Mínà, ẹ fò ó."

Mo kà á. Wọ́n gbà á. Mo kà á sókè fún un pé wọ́n á san owó ẹ̀kọ́, ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ òfuurufú. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ẹni tó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbólóhùn méjì nípa Mínà. Mo fi ojú kà wọ́n, mi ò kà wọ́n sókè.

"Ṣé ó tán?"

"Èyí tó jẹ́ tìẹ ti tán."

Ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí n sì pa á rẹ́ lórí fóònù. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e. Ó gba èyí tó kù, ó sì sáré jáde.

Láti ojú fèrèsé, mo rí i tó gbé bébà náà fún bàbá rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin náà kà á, ó bọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí Mẹ́kà, ó sì forí kanlẹ̀ lórí kọnkéré tí oòrùn ti sun. Ọmọ rẹ̀ forí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bébà tí mo gé wà lọ́wọ́ mi, èmi náà sì forí kanlẹ̀ nínú ọ́fíìsì mi.