Lẹ́tà Tí Baba Àmì Kò Lè Kà

Nínú gbogbo àwọn tó ń to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé, kò sẹ́ni tétí rẹ̀ mú tó ti Baba Àmì. Bí àlejò bá sín, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé náà á sì kí i pé pẹ̀lẹ́. Ohun tó ń wá ni àmì kan fún ìró kan, àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí yóò gba gbogbo èdè ayé. Ó ní aṣọ àgbàwọ̀ làwọn lẹ́tà tó wà nílẹ̀: bí wọn ò bá fún èdè lápá, wọ́n á ṣo ó.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan ní kó bá òun kọ ìhanrun ìyá ìyàwó òun. Ìyàwó Baba Àmì nìkan ló gbà á gbọ́. Aránṣọ ni, kò délé ìwé rí. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ àwọn àmì náà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ wọ́n sára àgékù aṣọ. Kò mọ ìwé mìíràn láyé.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Baba Àmì ò mọ ìsinmi. Bó bá ti gbọ́ ìró tuntun, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, á tún un tò, á sì sun ti tẹ́lẹ̀, kí ayé má baà rí àṣìṣe rẹ̀. Nígbà tó sun àkọsílẹ̀ ìkẹta, èyí tí ìyàwó rẹ̀ kọ́, obìnrin náà gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

“Baálé mi, èyí tí mo mọ̀ yìí náà ni n ó mọ̀ kú.”

Ọkọ rẹ̀ ní kó fara balẹ̀, ìkẹrin ló máa kẹ́yìn.

Ìkọkànlá ló ń tò lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn ọ̀fun gba ohùn obìnrin náà. Nílé ìwòsàn, ó fọwọ́ júwe pé òun ń fẹ́ bébà, ó sì kọ ọ́ kún tojú tẹ̀yìn. Kí ọkọ rẹ̀ tó ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nọ́ọ̀sì ló na bébà náà sí i, ó ní kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Àkọsílẹ̀ ìkẹta ni ìyàwó rẹ̀ fi kọ ọ́. Baba Àmì wò ó títí, àkọsílẹ̀ mọ́kànlá ń gun ara wọn nínú orí rẹ̀. Àmì mẹ́rin péré ló dá mọ̀. Ó sáré lọ tú ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń sun wọ́n. Eérú lásán ni. Ó wá gbé lẹ́tà náà tọ ọmọbìnrin rẹ̀ lọ, bóyá ìyá rẹ̀ kọ́ ọ díẹ̀.

“Ó fẹ́ kọ́ mi, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró títí yóò fi pé.”

Ọmọ náà gba lẹ́tà náà, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì tì í pa. Baba Àmì ní kó fún òun padà.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”