Ìbọn fún Èjìká Òsì

Ìbọn tí mo ní tẹ́lẹ̀ kò ní àbùkù kankan fún ẹni tí ó bá ń fi èjìká ọ̀tún yìnbọn. Mo ti lò ó fún bí ọdún mẹ́jọ, mo sì mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìlẹ̀kùn ilé mi ní Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ìgbà tí ọmọ mi obìnrin gbé e lé èjìká òsì ni ó di ohun tí mo ní láti tún rò.

Ẹni tí kò mọ̀ nípa ìbọn lè má mọ ìdí tí èjìká fi ṣe pàtàkì. Nínú ìbọn bíi tèmi, bí ọta bá ti ń jáde, díẹ̀ nínú atẹ́gùn gbígbóná tí ó tì í máa ń gba ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan padà sẹ́yìn. Òun ni ó ń ti irin inú ìbọn kí ọta mìíràn lè wọlé. Èéfín rẹ̀ á wá gba ihò tí èèpo ọta ń gbà bọ́ sílẹ̀, ihò yìí sì wà ní apá ọ̀tún ìbọn. Bí ènìyàn bá fi èjìká ọ̀tún yìn ín, èéfín á gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Bí ó bá fi ti òsì yìn ín, ojú rẹ̀ ni èéfín ń bọ̀. Èyí tún wá burú sí i bí a bá fi sàlẹ́ńsà sí ẹnu ìbọn, nítorí pé sàlẹ́ńsà kì í jẹ́ kí atẹ́gùn náà tètè jáde níwájú. Orúkọ tí àwọn mẹkáníìkì ń pe ti ọkọ̀ ni àwa náà ń pè é, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Kì í pa ohùn ìbọn rẹ́ bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ó kàn ń dín in kù débi tí etí lè fara dà á.

Ìyàwó mi ni ó ní kí n ra sàlẹ́ńsà. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti sú u láti máa sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì fún mi. Òun kì í yìnbọn. Ní Sátidé, ó máa ń bá mi lọ sí pápá ìyìnbọn tí ó wà ní gúúsù agbègbè wa, á jókòó lẹ́yìn lórí àga alágbèéká pẹ̀lú ohun ìbòtí aláwọ̀ òféfèé, á máa kàwé. Ó ní torí ìrìn inú ọkọ̀ lójú ọ̀nà ni òun ṣe ń tẹ̀ lé mi. Ó kú ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn àìsàn oṣù mẹ́rin.

Nígbà ayé rẹ̀, òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín èmi àti ọmọ wa kan ṣoṣo. Ọmọ náà á pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á ní, "Dádì rẹ ń kí ọ," èmi á sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé mo ti kí i. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà, tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà eyín, tí ó sì ń gbé ní Forestville, sọ pé òun á máa bá mi lọ sí pápá ní Sátidé. N kò bi í léèrè ìdí.

Sátidé àkọ́kọ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbìyànjú. Ó gbé ìbọn lé èjìká òsì, ó rí i pé mo ń wò ó, ó sì gbé e bọ́ sí ọ̀tún. Ọta mẹ́fà, kò sí ọ̀kan tí ó kan páálí tí a ń yìnbọn sí. Nígbà tí ó rò pé mo ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dá a padà sí òsì, gbogbo rẹ̀ sì ń wọ páálí. Ṣùgbọ́n ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ní láti yọ lẹ́ńsì ojú rẹ̀ sọnù. Bákan náà ni ó rí ní Sátidé kejì. Ní ẹ̀kẹta, bí a ti ń wakọ̀ padà, ó ní bóyá òun kò ní lè wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mọ ohùn yẹn. Òun ni ó fi ń sọ fún ìyá rẹ̀ nípa ohun tí kò ní ṣe mọ́.

Bí Sátidé bá bọ́ lọ́wọ́ wa, Kérésìmesì nìkan ni ó kù tí a ó fi máa rí ara wa. Ohun tí mo rò nìyẹn, mo sì pinnu pé ìbọn ni n ó pààrọ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti ọwọ́ òsì. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í fi ọwọ́ òsì jẹun, a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í sì í fi júwe ilé bàbá ẹni. Nígbà tí ọmọ náà tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin, mo máa ń mú ṣíbí kúrò ní òsì rẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún. Nígbà tí èyí kò ràn án, mo fi ìbọ̀sẹ̀ mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo sì fi rọ́bà dè é ní ọrùn ọwọ́. N kò dè é le. Kò sunkún. Ó ń wo ìbọ̀sẹ̀ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà nínú rẹ̀.

Ó gbà, tàbí mo rò pé ó gbà. Ní ọdún kẹta rẹ̀ ní ilé-ìwé, iṣẹ́ kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè, èmi ni mo lọ rí tíṣà rẹ̀. Tíṣà náà sọ fún mi pé láti ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti wá sísọ́ọ̀sì olọ́wọ́ òsì fún un, ìyá rẹ̀ ni ó béèrè fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà. N kò mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé. Ọ̀tún ni ọmọ náà ń fi jẹun níwájú mi títí ó fi kó jáde.

Ọkùnrin tí ó ń ta ìbọn fún mi jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí, ó ti ṣe sójà rí. Ó fi ọdún bíi mẹ́wàá jù mí lọ, nítorí náà ó máa ń pè mí ní ọ̀dọ́mọkùnrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí mi ti funfun. Mo ròyìn ọ̀ràn èéfín àti èjìká òsì ọmọ mi fún un.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, fi owó rẹ sápò. Kọ́ ọ kí ó máa fi ọ̀tún yìn ín. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọwọ́ rẹ̀ á gbà."

"Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbà."

"O ti dán an wò?"

"Mo ti dán an wò."

Ó wò mí díẹ̀, ó sì lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀. Ìbọn méjì ni ó gbé jáde. Òfin Maryland kò gba gbogbo irú ìbọn tí ènìyàn ń rí nínú ìwé, méjì yìí ni ó ní tí ó bá òfin mu, tí ó sì ń lo písítìn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń fa omi ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti ṣàlàyé písítìn fún mi, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé, mo sì fetí sílẹ̀. Nínú irú ìbọn yìí, atẹ́gùn gbígbóná kì í padà wọnú. Iwájú lọ́hùn-ún ni ó ti ń ti ọ̀pá irin kúkúrú kan, ọ̀pá yẹn ni ó ń ṣe iṣẹ́ tó kù, èéfín á sì jáde níwájú, jìnnà sí ojú. Kókó kékeré kan wà níbẹ̀ tí a lè yí kí atẹ́gùn tí ń wọlé dín kù bí sàlẹ́ńsà bá wà lẹ́nu ìbọn.

"Ó wúwo níwájú," ó ní. "Ó ń ta èjìká ju tìrẹ lọ. Bí irin kan bá sì ṣẹ́ lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é nìkan lo ti lè rí òmíràn. Èéfín díẹ̀ ṣì máa wá, torí ọ̀nà tí ọta gbà lọ ni òun náà lè gbà padà. Ẹni tó bá ní kò ní sí rárá, irọ́ ló ń pa fún ọ."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú ìbọn méjèèjì fúyẹ́, ó sì dùn ún dìmú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ṣe irin ìdábùú rẹ̀ fún, ìyẹn irin tí kì í jẹ́ kí ìbọn yìn láìròtẹ́lẹ̀. Èkejì wúwo, ó sì ní irin yìí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èyí tó fúyẹ́ wù mí. Mo ti ń ronú bí ọmọ náà yóò ṣe máa na ìka òsì rẹ̀ kọjá láti fi yí irin náà, bí n ó ṣe kọ́ ọ, kí n tó gbọ́ ohun tí mo ń rò. Mo gbé e sílẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀ láìra ohunkóhun.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Ìbàdàn, tí a jọ ń yìnbọn. Alhájì ni gbogbo wa ń pè é, èmi ni Injiníà. Òun ti ní ìbọn oní-písítìn. Mo fóònù rẹ̀ pé kí ó mú un wá sí pápá.

"Ẹ̀yin náà, Injiníà! Gbogbo ìgbà lẹ ń yẹ ìbọn wò lókè nísàlẹ̀. Àfi bí ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán kí ó tó gbọ́ ọ. "Ẹ má bínú."

"Kò burú. Ti ìyàwó yá ju èyí lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi yan tèmi."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ta ló gbà fún yín?"

"Òun ni."

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, a pàdé ní pápá. Mo kọ́kọ́ gbé ìbọn tèmi lé èjìká òsì. Alhájì ń wò mí.

"Òsì kẹ̀? Bàbá yín ń wò yín o."

"Bàbá mi ti kú."

"Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n ráyè wò yín."

Mo yìn ín. Èéfín náà ta, ó ní òórùn ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, tààrà ni ó sì wá sójú mi. Ọta márùn-ún ti tó láti mọ ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Mo yìn ín títí ogún fi pé. Omi ń dà lójú mi. Alhájì ṣí fìlà rẹ̀, ó ń gbọn erùpẹ̀ tí kò sí lára rẹ̀ dànù.

"Èéfín ni," mo wí.

"Èmi náà rí i," ó dáhùn.

Lẹ́yìn náà mo gbé tirẹ̀, a fi sàlẹ́ńsà mi sí i, a yí kókó rẹ̀. Ó ta mí léjìká bí ọkùnrin ìsọ̀ ṣe wí. Lẹ́yìn ọta ogún, mo ṣì ń ríran dáadáa. Ní ọjọ́ kejì mo padà sí ìsọ̀, mo sì ra èyí tó wúwo.

Mo pe ọmọ mi lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Òyìnbó ni ó fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń fi "ẹ" sí i níhìn-ín, nítorí pé ọ̀wọ̀ náà wà nínú ohùn rẹ̀.

"Mo ra ìbọn mìíràn."

"Kí ló ṣe èyí tẹ́lẹ̀?"

"Èéfín rẹ̀ máa ń wá sójú ẹni tó bá fi òsì yìn ín."

Mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lórí títì márosẹ̀ Beltway láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ọ̀tún lẹ fi ń yìnbọn, Dádì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa. Màá wá wò ó."

Ó ní òun á wá wò ó. Kò sọ pé òun á máa wá.

Ní Sátidé, nínú ọkọ̀, a sọ̀rọ̀ nípa alápatà wa ní Langley Park tí ó ti kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ní pápá, mo ṣètò ìbọn náà tán, mo gbé e lé tábìlì fún un, mo sì dúró síbi tí mo máa ń dúró sí. Ó gbé e. Èjìká ọ̀tún ni ó gbé e lé. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, kò kan páálí.

"Òsì ni mo rà á fún," mo ní.

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

Ó yí irin ìdábùú, ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ iwájú bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ṣí ohun ìbòtí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ ń wò mí, Dádì."

"Èéfín ńkọ́?"

"Èéfín burú, kì í ṣe pé kò burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé e báyìí, ọwọ́ mi lẹ máa ń wò. Mọ́mì ní ẹ ò mọ̀ pé ẹ ń ṣe é."

"Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìgbà gbogbo."

Mo ti lo oṣù kan láti wá ìbọn tí kò ní da èéfín sí ọmọ mi lójú, mo sì rí i. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ni pápá náà ní awò gígùn kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọta bà. Mo wọ́ àga lọ sídìí rẹ̀, mo jókòó, mo gbé ojú lé e. Páálí nìkan ni mo ń rí láti ibẹ̀.

"Máa yìn ín," mo ní. "Èmi á máa sọ ibi tó bà."

Mo gbọ́ tí irin kan ara tábìlì, lẹ́yìn náà ìbọn dún, ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni ju ìwé ńlá sílẹ̀ ní yàrá kejì.

"Ìsàlẹ̀. Ó tó ìka mẹ́ta."

Ó tún yìn ín.

"Ìsàlẹ̀ náà ni. Kò tó tàkọ́kọ́."

Ìkẹta wọ ibi dúdú tó wà láàárín páálí. "Ó wọlé."

"Ó dá yín lójú?"

"Mo rí i."

"Ẹ má parọ́ o," ó ní. Yorùbá ni ó fi sọ èyí, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́.

Ọgbọ̀n ọta ni ó yìn. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́yìn ọta ogún. N kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ó parí, ó ní ìbọn náà wúwo jù níwájú, apá ń dun òun. Mo ní a lè dá a padà kí a wá èyí tó fúyẹ́. Ó ní rárá, kí n fi í sílẹ̀, apá òun á mọ́ ọn lára.

A ń ṣa èèpo ọta sínú garawa nígbà tí ó bi mí bóyá aago mẹ́sàn-án kò ti yá jù ní Sátidé tó ń bọ̀, pé òun kì í tètè jí. Mo ní kí a fi í sí mẹ́wàá.