Igun Òsì Bọ́ọ̀sì Kékeré

Ọlọ́dà ni gbogbo wa ń pè é. Iṣẹ́ ọ̀dà ni wọ́n gbà á fún ní gáréèjì bọ́ọ̀sì, òun náà ló sì ṣe títí ó fi kúrò níbẹ̀. Èmi ń tún táyà ṣe nígbà náà, ìsọ̀ mi kọjú sí tirẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kó wá sọ tirẹ̀.

Kò fẹ́yàwó. Kò bímọ. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fèrèsé yàrá náà kọjú sí ògiri. Ibùsùn kan, àga kan, àti tábìlì kan tó gùn ju ibùsùn lọ. Orí tábìlì yẹn ni ayé rẹ̀ wà.

Ọkọ̀ kéékèèké ló ń tò níbẹ̀. Inú páálí ni wọ́n ti ń tà á, gbogbo ara ọkọ̀ náà ní wẹ́wẹ́, ike ni, á so mọ́ igi ike bí èso. Yóò fi abẹ gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fi sánpépà fá ibi tí abẹ bù, yóò fi gúlù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Èyí tí ìka kò bá lè mú, ẹ̀mú kékeré ni yóò fi mú un. Lẹ́yìn náà ni yóò kùn ún. Títí dé ibẹ̀, ọmọdé lè ṣe é. Ibi tí ọmọdé ti máa dáwọ́ dúró ni Ọlọ́dà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti ń dán, á sọ ọ́ di ògbólógbòó.

Àwọ̀ irin tó dógùn-ún ni yóò kọ́kọ́ kùn. Yóò fi omi rin ín, yóò wọ́n iyọ̀ sí i. Tí iyọ̀ bá gbẹ mọ́ ọn, yóò kun ọ̀dà ọkọ̀ náà lé e lórí. Bó bá wá họ iyọ̀ dànù, ojú ibẹ̀ á rí bí ibi tí ọ̀dà ti bó. Yóò lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, ìyẹn á di eruku. Yóò fi kẹrosíìnì lú ọ̀dà dúdú, yóò jẹ́ kó ṣàn sí etí ilẹ̀kùn, ìyẹn á di ìdọ̀tí.

"Ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ ní ìdí," ohun tó máa ń wí nìyẹn. "Ẹrẹ̀ kì í ta dé òrùlé. Ibi tí ọwọ́ ti ń kan ilẹ̀kùn ló ń bó."

Á ké sí mi pé kí n wá wo táyà, ṣé bí táyà tó ti rìnnà jíjìn ṣe ń rí nìyẹn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, á nù ún kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Ọ̀gá Dírẹ́bà. Òun ló pẹ́ jù lórí bọ́ọ̀sì nínú gbogbo wọn. Ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún, a sì máa ń bẹ̀rù rẹ̀. Tí àlejò bá wá sílé, á pe àbúrò rẹ̀ jáde.

"Ọlọ́dà, gbé àwọn ọmọ rẹ wá ká kí wọn."

Ọlọ́dà á gbé ọkọ̀ kan tàbí méjì jáde, àlejò á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà á wá bọ́ síwájú. "Ọkọ mi kékeré, gbogbo ayé ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára nǹkan, ẹ̀yin ń kùn ún sí i. Ẹ ò ṣe wá kun kíṣìnnì mi?" Ọlọ́dà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Kò síbi tó lè kó tábìlì yẹn lọ. Ilé méjì ni wọ́n ti lé e kúrò kó tó wá síbẹ̀, wọ́n ní òórùn ọ̀dà àti kẹrosíìnì ò jẹ́ káwọn sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu: "Ọjọ́ tó o bá dójú tì mí, ojú títì ni wàá ti máa fi ọkọ̀ ẹ ṣeré." Kì í ṣe àwàdà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá agbálẹ̀.

Obìnrin kan ló ń gbálẹ̀ ní gáréèjì wa. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì kan tí kò tanná gbá a lẹ́nu géètì, kò dúró. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lórúnkún. Ó ní bọ́ọ̀sì gáréèjì wa ni, igun òsì iwájú ló fi gbá òun. Àwọn ọ̀gá ní irọ́ ni, wọ́n ní tírélà tó ń kọjá lọ ni. Obìnrin yìí ní, "Ẹ wá bọ́ọ̀sì tí igun òsì rẹ̀ bá tuntun ju ibi yòókù lọ." Ẹnikẹ́ni ò wá a. Nígbà tó yá wọ́n fi í sí kíṣìnnì ilé oúnjẹ gáréèjì, kó máa fọ ife. Àtìgbà náà, bọ́ọ̀sì kan ò lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kó má wo igun òsì rẹ̀. Àwọn dírẹ́bà sọ ọ́ di eré. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á na ọwọ́ jáde, wọ́n á fi bo igun ọkọ̀ wọn. "Ìyá, èmi kọ́ o."

Ọ̀gá Dírẹ́bà wá fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá àgbà gáréèjì ní àwọn máa gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú àpótí gíláàsì nílé oúnjẹ, èyí kékeré tí wọ́n máa tò kó jọ ọ́, kí orúkọ Ọ̀gá Dírẹ́bà wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ojú bá yí sí Ọlọ́dà.

"Kùn ún kó máa dán," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ọ̀sì yín ò dán rí."

"O ti bẹ̀rẹ̀. Ṣe é bó o ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá dójú tì mí, o mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà."

Gbogbo àkókò òjò ló fi ṣe é. Mo rí i lórí tábìlì nígbà tí kò tíì parí. Àga ẹ̀yìn dírẹ́bà ya. Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan so mọ́ wáyà. Èéfín ti pọ́n bọ́ńpà ẹ̀yìn ràkọ̀ràkọ̀. Èmi tí mo pààrọ̀ táyà bọ́ọ̀sì yẹn láìmọye ìgbà, ọwọ́ mi fẹ́ wá sípánà.

Ohun tó kù tí mo máa sọ nípa yàrá yẹn, Ọlọ́dà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyá agbálẹ̀ ti kú.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé kó wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó rí wáyà dígí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo de wáyà yẹn. O ṣeun." Ọlọ́dà ní ọjọ́ náà lòun kọ́kọ́ gbọ́ o ṣeun lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá yí i ká dé igun òsì iwájú. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

Gbogbo ara bọ́ọ̀sì ti ṣá. Igun òsì nìkan ló mọ́, ojú ọ̀dà ibẹ̀ ní igun mẹ́rin bí ìgbà tí wọ́n lẹ aṣọ tuntun mọ́ àkísà.

"Kí nìyí?"

"Ibi tí mo tún kùn fún yín ni. Ẹ ò rántí? Àárọ̀ kùtù tẹ́ ẹ wá jí mi, tẹ́ ẹ ní ẹ rọra kọlu òpó géètì. Mo kùn ún kíá, ẹ sì gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn káwọn èèyàn tó dé. Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e padà, eruku ọ̀nà ti bò ó. Ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ò bá tàtijọ́ mu, ó ń dùn mí láti ìgbà náà." Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Mo rí àwọ̀ rẹ̀ mú gan-an lọ́tẹ̀ yìí, àbí?"

"Pa á rẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ gan-an ló dára jù."

"Mo ní pa á rẹ́. Kí igun yẹn jọ ibi yòókù."

Ọlọ́dà kì í ṣe ẹni tó yára ronú. Ojú rẹ̀ ló yára. Òun ló ń kun òpó géètì lọ́dọọdún. Ó ní òun dúró níbẹ̀, òun ń wo òpó náà lọ́kàn òun látòkè délẹ̀, òun ò rí ibi tí bọ́ọ̀sì kankan fi kàn án rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ gbá láàárọ̀ yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí ibùsùn. "Ta ló ń bọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló ni yàrá yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

Ọkọ̀ epo kan wà létí tábìlì, èyí tó fi ọdún kan àbọ̀ tò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìka kan tì í. Kò tì í kíákíá. Ó ń wo ojú àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń tì í, títí ó fi bọ́ sílẹ̀, tó fọ́.

"Ó ṣì ku púpọ̀ lórí tábìlì," ló wí. Ó dìde, ó jáde.

Ọlọ́dà kun igun náà. Ó wọ́n iyọ̀, ó họ ọ́. Ó ta kẹrosíìnì dúdú sí etí iná iwájú, ó fẹ́ eruku ṣọ́ọ̀kì sí i, ó jẹ́ kí ìdógùn-ún ṣàn díẹ̀ láti ìdí nọ́ọ̀tì. Ó ní òun ò ṣe iṣẹ́ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ọwọ́ òun ò gbọ̀n, ohun tó ń dun òun títí dòní nìyẹn.

Èmi wà nílé oúnjẹ lọ́jọ́ ayẹyẹ náà. Wọ́n sọ̀rọ̀, a pàtẹ́wọ́. Wọ́n ṣí aṣọ lórí àpótí gíláàsì. Ìyá agbálẹ̀ bá jáde láti kíṣìnnì, ó ń fi ìró nu ọwọ́, ọ̀pá lábẹ́ abíyá. Igun òsì ló lọ tààrà.

"Ìyá, tọ́ì nìyẹn o," dírẹ́bà kan wí. "Tọ́ì ò gbáni."

"Ẹ jẹ́ kó wò ó," ni èkejì wí. "Bóyá òun gan-an ni, ó kàn rù ni látìgbà náà."

Ilé oúnjẹ dàrú fún ẹ̀rín. Obìnrin náà ò wo ẹ̀yìn. Ó ti imú mọ́ gíláàsì. Ọlọ́dà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, mà."

"Wọ́n ní o kì í yọ nǹkan kan kúrò, o kì í sì í fi kún un. Pé bí ọkọ̀ bá ṣe rí lo ṣe ń ṣe é."

Ọlọ́dà fi apá aṣọ nu gíláàsì níwájú rẹ̀. Obìnrin yẹn tún wo igun náà. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu wa. Ó wá nàró.

"Kì í ṣe èyí," ló wí. Ó yíjú sí Ọ̀gá Dírẹ́bà. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ó pẹ́ tí mo ti ń fura sí yín."

"Kò burú, ìyá. Ẹ bá mi fún un ní mínírà."

Wọ́n fún un. Ó dúpẹ́, ó gbé e lọ sí kíṣìnnì. Kò tún wo igun bọ́ọ̀sì kankan mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó kàn ń fọ ife.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n fi kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. "Ọkọ mi kékeré, a fẹ́ máa kó ẹrù síbí." Ọlọ́dà lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní pálọ̀.

"Mo ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe."

"O ṣe é."

"Kí ni mo wá ṣe?"

"Ojú tó o fi ń wò mí nídìí oúnjẹ ò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́."

Wọ́n kó àwọn ọkọ̀ náà sínú páálí, wọ́n gbé wọn sí gbangba lẹ́yìnkùlé. Òjò rọ̀ lé wọn lórí kó tó rí ọkọ̀ ẹrù. Tábìlì náà ò gba ẹnu ọ̀nà ibi tó kó lọ, wọ́n fi dáná.

Ọlọ́dà àti ọlọ́dẹ kan ló jọ ń gbé yàrá kan báyìí, nítòsí mi. Mo ra páálí ọkọ̀ kan lọ fún un, irú èyí tó máa ń tò. Ó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò ṣí i.

Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún obìnrin yẹn.

Ó ní, "Yàrá ni mò ń rò."

Mo ní, "Yàrá ọ̀hún dà?"



Àpótí gíláàsì ṣì wà lára ògiri nílé oúnjẹ. Mo yà síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Dírẹ́bà kan tí mi ò mọ̀ mú àlejò lọ sídìí rẹ̀, ó nawọ́ sí igun òsì. "Ẹ wo ibí yìí," ó ní. "Ẹ wo bó ṣe dógùn-ún. Ẹni tó ṣe é mọ bọ́ọ̀sì yẹn dáadáa."